Ṣé màgòmágó ni lílọ́ni lẹ́sẹ̀?

LÓRÍ TÀTÀMÍ: Olùkọ́ jùdò kan ní Àjàṣẹ́ ń dáhùn ìbéèrè àwọn òǹkàwé

*Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 23 ni mí, láti lísẹ́ ni mo ti ń ṣe jùdò. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ jiu-jitsu àwọn ará Brazil ní Kútọnu wá kí wa, a wọ kìmónò, a bẹ̀rẹ̀ eré. Mo gbé e ṣubú dáadáa. Ibi tó wà nílẹ̀ náà ló ti di ẹsẹ̀ mi mú, ó há gìgísẹ̀ mi sí abíyá, ó yí i. Orúnkún mi dún kọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wú. Olùkọ́ mi ní ìwà jàǹdùkú ni, pé kò sí irú rẹ̀ nínú jùdò, pé ẹni tí kò lè gbéni ṣubú ló ń lọ́ni lẹ́sẹ̀. Àwọn ará Kútọnu ní ẹ̀rù ló ń ba àwa. Ẹgbẹ́ méjèèjì ti ń dá ọjọ́ báyìí tí wọn yóò pàdé, kí wọ́n jà á tán. Ta ló jàre?* — Ọmọ Ouando, Àjàṣẹ́

Àbúrò mi, ẹ jẹ́ ká ti orí orúnkún yẹn bẹ̀rẹ̀. Orúnkún tó dún, tó sì wú lọ́jọ́ kan náà, ilé ìwòsàn ni kó o gbé e lọ. Wíwú tó bá yá bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń dà sínú oríkèé, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn iṣan tó so eegun itan mọ́ ojúgun ló já. Kó o tó débẹ̀, fi aṣọ wé yìnyín, fi lé e, gbé ẹsẹ̀ náà sórí ìrọ̀rí, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á tàbí kó fi agbára wọ́ ọ. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń to eegun nílùú wa, iṣẹ́ wọn ń là, ṣùgbọ́n iṣan tó já kò sí lára ohun tí títò ń wò. Má ṣe tìtorí pé ìrora lọ kó o padà sórí tàtàmí, ẹní tí à ń jà lórí rẹ̀. Irú orúnkún bẹ́ẹ̀ máa ń dákẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọjọ́ tí o bá yí ara padà lójijì ló máa yẹ̀ mọ́ ọ lábẹ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ta ló jàre.

Olùkọ́ rẹ jù mí lọ tàbí kò jù mí lọ, n kò ní fojú di í níwájú ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n pé kò sí lílọ́ ẹsẹ̀ nínú jùdò, ó wà níbẹ̀. Kano Jigoro, ẹni tó dá jùdò sílẹ̀, ló dá Kodokan, ilé ẹ̀kọ́ jùdò, sílẹ̀ ní Tokyo ní 1882, káàtà kan, ìyẹn àwọn ọgbọ́n ìjà tí a tò lẹ́sẹẹsẹ láti fi kọ́ni, sì wà nílé yẹn tó ń jẹ́ katame-no-kata, òun la fi ń kọ́ dídi èèyàn mọ́lẹ̀, fífún un lọ́rùn àti títẹ oríkèé. Èyí tó kẹ́yìn pátápátá nínú rẹ̀ ni ashi-garami, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń lọ́ níbẹ̀, orúnkún ló sì ń gbà á. Àwọn àgbà jùdò tó ti gba àmùrè dúdú ṣì ń ṣe é níwájú àwọn adájọ́ títí di òní. Inú ìdíje ni wọ́n ti yọ ọ́. Láti 1925, ìgúnpá nìkan ni jùdò gbà kí á tẹ̀ nínú gbogbo oríkèé. Àwọn tó ṣòfin náà mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n mọ ohun tó ń ṣe fún orúnkún, wọ́n sì yàn láti pa á mọ́ sínú káàtà. Mo fara mọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Mi ò fara mọ́ ọn pé kí ọmọ wọn máa pe iṣẹ́ ilé ara rẹ̀ ní ìwà jàǹdùkú.

Wo àwọn ará Rọ́ṣíà. Vasili Oshchepkov lọ kọ́ jùdò ní Kodokan, ó gba àmùrè dúdú níbẹ̀ ní 1913. Nígbà tó padà sílé, ó dà á pọ̀ mọ́ ìjàkadì àwọn ẹ̀yà tó wà lábẹ́ ìjọba Soviet. Òun àti Viktor Spiridonov wà lára àwọn tí sambo, ìjàkadì àwọn ará Soviet, ti ọwọ́ wọn jáde. Ìjọba mú Oshchepkov ní 1937, àtìmọ́lé ló kú sí. Ní 1938, ìjọba kan náà fi òǹtẹ̀ lu sambo. Nínú sambo ti eré ìdárayá, o lè tẹ orúnkún, o lè fa ọrùn-ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ lọ́ gìgísẹ̀, o kò sì gbọdọ̀ fún èèyàn lọ́rùn. Àwa jùdò ń fún èèyàn lọ́rùn, a kì í fọwọ́ kan orúnkún. Ta ni jàǹdùkú nínú wa? Ilé kọ̀ọ̀kan ló mọ ewu tó gbà àti èyí tó kọ̀. Nígbà tí jùdò sì kọ́kọ́ wọ Olympics, ní Tokyo ní 1964, àwọn ọmọ Soviet tí sambo tọ́ dàgbà tẹ̀ lé òfin wa lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ idẹ 4 lórí ilẹ̀ Japan fúnra rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ náà, kó gbọ́ ìtàn ilé tirẹ̀. Kodokan ni Maeda Mitsuyo ti jáde kó tó dé Brazil ní 1914, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Carlos Gracie, tí jiu-jitsu àwọn ará Brazil ti ìdílé rẹ̀ jáde, ti kọ́ṣẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Rio, àwọn tó ń lọ́ni lẹ́sẹ̀ jù ni àwọn ọmọ luta livre, irú ìjàkadì mìíràn ní Brazil. Wọn kì í wọ kìmónò, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní owó tí wọn yóò fi rà á. Àwọn ọmọ jiu-jitsu ń wò wọ́n tìkà-tẹ̀gbin. Ẹni tó bá di ẹsẹ̀ mú nígbà náà, wọ́n á ní iṣẹ́ ẹni tó ń tún bàtà ṣe ló ń ṣe. Ohun tí olùkọ́ rẹ sọ sí ọ̀rẹ́ rẹ lónìí, ilé ọ̀rẹ́ rẹ ti sọ ọ́ sí ẹlòmíì rí.

Ìjà ilé méjèèjì yẹn ni kí ẹ̀yin tó ń dá ọjọ́ tẹ́tí sí. Ní 1991, wọ́n gbé e jáde ní Rio kí gbogbo ayé rí i. Ìjà 3 ni wọ́n jà, jiu-jitsu borí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣé ó tán níbẹ̀? Ní 1997, Eugenio Tadeu, ọmọ luta livre tó wà nínú àwọn tó jà lọ́dún náà lọ́hùn-ún, tún pàdé Renzo Gracie, ọmọ ilé jiu-jitsu, ní Rio. Èrò ya bo àgò tí wọ́n ti ń jà, àwọn òǹwòran gbá ara wọn mú, iná kú, ìjà náà fọ́ láìsí ẹni tó borí. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n ní àwọn ti jà á tán! Bí ẹ bá lọ pàdé lẹ́yìn ọjà Ouando, ẹni tó bá lulẹ̀ yóò lọ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ni, ẹ̀gbọ́n yóò pe ọ̀rẹ́.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yí padà nínú jiu-jitsu, ìbéèrè kan ni. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Dean Lister bi John Danaher, tó ń kọ́ èèyàn nígbà náà nílé ìdárayá Renzo Gracie ní New York, pé kí ló dé tí wọ́n fi ń pa ìdajì ara èèyàn tì. Danaher kò bínú. Ó jókòó ti ìbéèrè náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó tò ó ní ìpele ìpele: bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì de ẹni náà mọ́lẹ̀ kí a tó wá gìgísẹ̀ rárá, ibi tí a ń lọ bó bá fẹ́ bọ́. Ó fi kọ́ Eddie Cummings, Garry Tonon àti Gordon Ryan, àwọn wọ̀nyí sì gba ayé kan. Nígbà tó di 2021, IBJJF, àjọ ńlá tó ń darí ìdíje jiu-jitsu, ṣí ilẹ̀kùn fún lílọ́ gìgísẹ̀. Àwọn àgbà tó ti gba àmùrè máróòn àti dúdú nìkan ló ṣí i fún, níbi tí wọn kò ti wọ kìmónò.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyẹn. Kìmónò ló wà lọ́rùn ẹ̀yin méjèèjì lọ́jọ́ náà. Òfin ilé ọ̀rẹ́ rẹ gan-an kò gba ohun tó ṣe sí ọ, àmùrè yòówù kó dè. Nítorí náà, olùkọ́ rẹ kò jàre lórí ìtàn, ọ̀rẹ́ rẹ kò sì jàre lórí ohun tó ṣe.

Jẹ́ kí n sọ ìdí tí mi ò fi lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Bí wọ́n bá fa ọrùn-ẹsẹ̀ rẹ nà, yóò dùn ọ́ gan-an kí nǹkan kan tó bàjẹ́, o sì máa ráyè lu tàtàmí láti fi hàn pé o gbà. Gìgísẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Itan rẹ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, kò lè yí. Ojúgun ló ń yí, bí ìgbà tí a ń fún omi kúrò lára aṣọ, àárín ibi tó ń yí àti ibi tí kò yí sì ni orúnkún wà. Kíká àti nínà ni iṣẹ́ orúnkún, yíyí rẹ̀ kéré. Àwọn iṣan inú rẹ̀ kì í tètè ké, nígbà tí wọ́n bá fi máa ké, wọ́n ti ń já, kerekere tó wà láàárín lè ya tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi nírọ̀lẹ́, bíríkìlà wà nínú wọn, oní-zémidjan tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò wà nínú wọn, obìnrin tó ń gbé ẹrù lọ sí Àjàrá wà nínú wọn. Orúnkún tó bàjẹ́ ní alẹ́ Sátidé, ebi ni lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ta ni yóò san owó iṣẹ́ abẹ fún wọn?

Síbẹ̀ mo ń kọ́ wọn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni ìjàm̀bá ń ṣe jù, torí pé kò mọ ìgbà tó yẹ kó jáwọ́. Àwọn àgbà nìkan ni mo ń kọ́, a ó sì ti sọ ọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ pé ẹsẹ̀ wà nínú rẹ̀ lónìí. Ẹni tó di gìgísẹ̀ mú kì í parí rẹ̀: bó bá ti dì í dáadáa, ó dúró, ó ní “mo ti rí i”, ẹnìkejì gbà fún un, wọ́n tú ara wọn sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n dì mú kì í dúró de ìrora kó tó lu tàtàmí. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá sí nílẹ̀, kó pariwo. Kò sì gbọdọ̀ jà kíjàkíjà kó fi ara rẹ̀ yí òdì sí ibi tí wọ́n ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ sí, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń já iṣan ara rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá lu tàtàmí fún tí kò tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ti kúrò lọ́dọ̀ mi nìyẹn. Bí UFC, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń gbé ìjà inú àgò jáde, náà ti ṣe nìyẹn ní 2013: Rousimar Palhares lọ́ gìgísẹ̀ Mike Pierce, Pierce gbà fún un, kò tètè tú u. Wọ́n kéde rẹ̀ ní olúborí, wọ́n sì lé e lọ.

Àbúrò mi, sọ fún àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì kí wọ́n wá sọ́dọ̀ mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn ará Kútọnu yóò kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó di ẹsẹ̀ mú. Ní òmíràn, a ó kọ́ wọn bí wọn kò ṣe ní máa ṣubú bíi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fà tu. Ìwọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó o máa wò.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 12, ń wo jiu-jitsu lórí fóònù, òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń lọ́ ara wọn lẹ́sẹ̀ lórí ẹní nínú yàrá. Ṣé kí n jẹ́ kó kọ́ ọ?* — Ìyá Ọmọ, Kétu

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ jẹ́ kó kọ́ eré náà, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹsẹ̀. Àwọn jiu-jitsu fúnra wọn kò gba ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 láyè láti fa ọrùn-ẹsẹ̀ lásán, ká má tíì sọ ti gìgísẹ̀. Eegun ọmọ ọdún 12 ṣì ń gùn, ìtòsí oríkèé ló sì ti ń gùn, ibẹ̀ kò tíì le tó ti àgbà. Ṣíṣubú ni kó kọ́kọ́ kọ́, kó mọ bí a ti ń fi apá gbá ilẹ̀ tí orí kì í kàn án, lẹ́yìn náà gbígbé àti dídìmọ́lẹ̀. Ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ ká ẹní yẹn kúrò nílẹ̀ lónìí.

*Ọmọ mi, mo kí ọ. Nígbà tiwa, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀ nínú ẹkẹ, ìjàkadì ìbílẹ̀ wa, ó ti lulẹ̀ nìyẹn, ìlù yóò yí padà. Kí ni àwọn wọ̀nyí ń wá nílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣubú tán?* — Bàbá Àgbà, Ṣábẹ̀ẹ́

Bàbá, mo kúnlẹ̀. Òótọ́ lẹ sọ. Nínú ẹkẹ, ilẹ̀ ni òpin ìjà, torí ẹ̀ ni a kò fi ní lílọ́ ẹsẹ̀ rárá: ẹsẹ̀ wà láti dúró lé àti láti fi kọ́ ẹni. Àwọn ará Ọ̀fà tí à ń kì pé ìjàkadì lorò wọn, ohun tí wọ́n ń wá náà nìyẹn. Fún àwọn ti Brazil, ìgbà tí èèyàn ṣubú ni ìjà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹni tó wà nísàlẹ̀ sì lè borí.

Ọmọ tó bá ti ẹkẹ wá, kì í rọrùn láti gbé ṣubú. Mo máa ń mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó bá ti fọwọ́ kan kọ́là mi. Ohun kan ló ń dà á láàmú lọ́dọ̀ wa: láti 2013, jùdò kò gbà mọ́ kí a fi ọwọ́ gbá ẹsẹ̀ ẹni mú láti gbé e ṣubú, ohun tó sì ti mọ̀ láti kékeré nìyẹn. Òfin yìí kò dùn mọ́ mi nínú. Ó gba ohun dáadáa lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa, nígbà tí kò sí orúnkún kankan tí à ń yí nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ìdíje bá jìnnà, mo ń gbà wọ́n láyè kí wọ́n gbá a mú.

Ẹ ní kí àwọn ọmọ-ọmọ yín tó ń ja ẹkẹ máa bọ̀ bí wọ́n bá wá sí Àjàṣẹ́. Kìmónò tí wọn yóò yá wà lọ́dọ̀ wa, kí wọ́n ṣáà gé èékánná kí wọ́n tó wá.