Kí ni minK túmọ̀ sí, irú ìrànlọ́wọ́ wo ló sì ń ṣe nínú ọkàn?

Ìbéèrè: Wọ́n ń pe prótéènì kan nínú ọkàn ní minK, wọ́n sì ní olùrànlọ́wọ́ ni. Kí ni orúkọ yìí túmọ̀ sí, kí ló sì ń ràn lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Àṣìṣe ló bí orúkọ náà. K ni àmì pòtásíọ̀mù; “min” jẹ́ ìgékúrú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí “èyí tó kéré jù lọ”. Ní 1988, àwọn onímọ̀ ní Japan rí prótéènì kékeré kan tí amino acid rẹ̀ (ẹyọ tó para pọ̀ di prótéènì) jẹ́ bí 130. Nígbà tí wọ́n fi RNA rẹ̀ (ìtọ́ni tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe prótéènì náà) sínú ẹyin ọ̀pọ̀lọ́, pòtásíọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í gba ara awọ ẹyin náà jáde. Wọ́n gbà pé ìlẹ̀kùn pòtásíọ̀mù (prótéènì tó ní ihò tí pòtásíọ̀mù ń gbà kọjá lára awọ sẹ́ẹ̀lì) tó kéré jù lọ ni. Ọdún 1996 ni òtítọ́ hàn: ẹyin náà ti ní ìlẹ̀kùn tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, KCNQ1, minK kàn so mọ́ ọn ni. Orúkọ tó ń jẹ́ báyìí ni KCNE1.

Mẹ́rin KCNQ1 ló ń para pọ̀ kí ihò tó wà láàárín wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gba inú awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni KCNE1 kọjá. Ó fara ti ìlẹ̀kùn náà. Kò ní ihò tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ “ìrànlọ́wọ́” yìí ló ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Lẹ́nu wa, ẹni tó ràn wá lọ́wọ́ ló mú iṣẹ́ yá. KCNE1 ń fà á sẹ́yìn ni. KCNQ1 nìkan máa ń ṣí kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Bí KCNE1 bá wà lára rẹ̀, ó lè gba ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó ṣí tán. Àmọ́ pòtásíọ̀mù tó ń gbà á jáde á wá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. KCNE3, ìbátan rẹ̀ tó wà nínú ìfun, ń jẹ́ kí ìlẹ̀kùn kan náà wà ní ṣíṣí nígbà gbogbo. Lójú tèmi, “olùdarí” ni ì bá tọ́ sí wọn.

Ìfàsẹ́yìn yẹn ní èrè. Bí ènìyàn bá sinmi, ìlẹ̀kùn mìíràn, hERG, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ jíjẹ́ kí pòtásíọ̀mù jáde, kí iná inú sẹ́ẹ̀lì ọkàn lè lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìlù kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ń sáré, ọkàn á máa lù léraléra, ìlẹ̀kùn tó ń lọ́ra yìí kò sì ní ráyè padà sẹ́yìn tán kí ìlù mìíràn tó dé. Adrenaline náà á mú kí PKA, ẹ́ńsáìmù kan tí prótéènì Yotiao so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn, lẹ fọ́sífétì (èròjà kékeré tó ń yí ìṣe prótéènì padà) mọ́ KCNQ1. Láìsí KCNE1, fọ́sífétì náà á lẹ̀, ṣùgbọ́n pòtásíọ̀mù tó ń jáde kò ní pọ̀ sí i. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, iná inú sẹ́ẹ̀lì á tètè lọ sílẹ̀, ọkàn á sì ráyè gba ẹ̀jẹ̀ kún.

Bí KCNE1 bá bàjẹ́, QT, àkókò tí iná ọkàn fi ń tàn tó sì fi ń lọ sílẹ̀ nínú ìlù kan, á gùn lórí ECG, àyẹ̀wò tó ń ya àwòrán iná ọkàn. Bí QTc (QT tí wọ́n ti ṣírò ìyára ìlù ọkàn mọ́) bá kọjá 500 ms (ìdajì ìṣẹ́jú àáyá), ewu rẹ̀ ga: eré sísá lè da ìlù ọkàn rú, kí ènìyàn dákú tàbí kó kú. Bí ẹ̀dà jíìnì náà méjèèjì bá bàjẹ́, etí á di pẹ̀lú, nítorí KCNQ1 àti KCNE1 yìí kan náà ló jọ ń jẹ́ kí pòtásíọ̀mù wọ inú omi etí inú. Dókítà méjì, Jervell àti Lange-Nielsen, ló ṣàpèjúwe àìsàn yìí ní Norway ní 1957. Nítorí náà, ọmọ tó ya adití láti inú oyún, tó sì ń dákú bó bá sáré, ẹ má pè é ní wárápá kí wọ́n tó ṣe ECG fún un.