Adìẹ ilé méjì, nọ́ńbà kan ṣoṣo

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ti filter dátà yín tán, àmọ́ tí =STDEV(D2:D201), fọ́múlà tó ń ṣírò standard deviation (bí àwọn nọ́ńbà ṣe jìnnà sí ìpíndọ́gba wọn tó), kò mira rárá, Excel yín kò bàjẹ́. Filter kàn ń bo ìlà mọ́ wa lójú ni, kò yọ ohunkóhun kúrò. STDEV ní tirẹ̀ kò mọ̀ pé ẹ bo nǹkan kan. Gbogbo ohun tó bá wà láti D2 dé D201 ló máa kà. Ẹ fi èyí rọ́pò rẹ̀:

=SUBTOTAL(7,D2:D201)

Bí ẹ bá ń kánjú, ẹ máa gbé e lọ. Bí ẹ bá ní sùúrù díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ojú ṣe tì mí kí n tó mọ̀ ọ́n.

Èmi ni mo ń ṣe àkọsílẹ̀ ní oko adìẹ kan lẹ́yìn Ìbàdàn nígbà yẹn. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a máa ń mú díẹ̀ lára àwọn adìẹ tí kò tíì yé, a ó gbé wọn sórí òṣùwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi á kọ ọ́ sílẹ̀. Bí adìẹ inú ilé kan kò bá dọ́gba, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ ẹyin pọ̀: àwọn kan á ti máa yé, àwọn kan á ṣì máa jẹun lásán. Standard deviation la fi ń mọ̀ ọ́n. A ó fi ìpíndọ́gba pín in, a ó sọ ọ́ di ìdá ọgọ́rùn-ún. Bó bá ti kọjá 10, ara ọ̀gá kì í lélẹ̀ mọ́.

Mo filter ilé 1, mo kọ nọ́ńbà tó jáde. Mo filter ilé 2, nọ́ńbà kan náà ló tún jáde. Dípò kí n fura, inú mi ń dùn, mo ní adìẹ wa mà kúkú jọra o. Mo mú bébà lọ bá ọ̀gá pé ilé méjèèjì wà ní 15. Ọ̀gá kò mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó mọ adìẹ. Ó wọ ilé 2, ó gbé mẹ́rin márùn-ún wò lọ́wọ́, ó jáde, ó ní, “Ṣé adìẹ yìí náà lo wọ̀n, àbí o ti lọ wọn ewúrẹ́ mọ́ ọn?”

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo gé e kúrú kí ẹ lè fọwọ́ ṣe é. Ká ní adìẹ márùn-ún ilé 1 jẹ́ 1200, 1250, 1300, 1350 àti 1400 gíráàmù. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 1300, standard deviation jẹ́ 79. Ti ilé 2 jẹ́ 900, 950, 1000, 1050 àti 1100. Ìpíndọ́gba jẹ́ 1000, standard deviation jẹ́ 79 bákan náà. Ilé kọ̀ọ̀kan dára: 6 lórí ọgọ́rùn-ún fún ti àkọ́kọ́, nǹkan bíi 8 fún ti èkejì. Wàyí o, ẹ da mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ̀: 175, lórí ìpíndọ́gba 1150. Ìyẹn 15 gééré. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n fi kó àwọn ilé 2 dé lẹ́yìn ti ilé 1. Àlàfo ọjọ́ orí yẹn ni mo ń wọ̀n, tí mo ń pè é ní àìdọ́gba.

7 inú SUBTOTAL yẹn ló ń sọ fún un pé standard deviation la fẹ́. Ẹ lè rí 107 náà níbi tí 7 wà, ẹ má dàrú nípa méjèèjì. Tó bá jẹ́ filter lẹ fi bo ìlà, ìkan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọwọ́ lẹ fi bò ó, ẹ tẹ ìlà, ẹ yan Hide, 7 á ṣì kà á. 107 ni kò ní kà á. 8 àti 108 wà fún ìgbà tó bá jẹ́ pé gbogbo adìẹ inú ilé pátá lẹ wọ̀n. Àwa ń mú díẹ̀ lára wọn ni, nítorí náà 7 ni tiwa.

Òkè pátápátá ni kí ẹ kọ fọ́múlà sí. Ẹ̀gbẹ́ dátà ni mo kọ tèmi sí lákọ̀ọ́kọ́. Bí mo ṣe filter báyìí, fọ́múlà bá ìlà rẹ̀ lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ rí ilé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà láìfilter (ká ní orúkọ ilé wà ní B, ìwọ̀n adìẹ wà ní D), Excel tuntun àti Google Sheets gba =STDEV.S(FILTER(D2:D201,B2:B201="Ilé 2")). Excel àtijọ́ ńkọ́? =STDEV(IF(B2:B201="Ilé 2",D2:D201)), kí ẹ wá tẹ Ctrl+Shift+Enter. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún IF yẹn o. Bí àyè kan bá ṣófo nínú D, òdo ló máa kà á sí. Ẹ fi òdo kan ṣoṣo kún adìẹ márùn-ún ilé 1 tí mo kọ sókè yẹn, 79 á fò di 535. SUBTOTAL kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó máa ń fo àyè tó ṣófo ni.

Bí àṣìṣe bíi #N/A bá wà láàárín dátà, =AGGREGATE(7,7,D2:D201) ló máa gbà yín: á fo àṣìṣe, á tún fo ìlà tó pamọ́. Kò sí i nínú Google Sheets. Ẹ̀yin ará Kútọnu tí Excel yín ń sọ Faransé, SOUS.TOTAL ni tiyín, àmì ; lẹ ó sì fi pín in.

Ohun kan tó ṣẹ́kù tó tún jẹ mí níyà: ẹ kọ =SUBTOTAL(2,D2:D201) àti =SUBTOTAL(3,D2:D201) sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Èyí àkọ́kọ́ ń ka nọ́ńbà nìkan, èkejì ń ka ohunkóhun tí wọ́n bá kọ. Tèmi fún mi ní 46 àti 50. Ọmọ tó ń bá wa tẹ̀ ẹ́ ló kọ “1250g” sí ibi mẹ́rin.