Ẹ béèrè iye òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ lóru

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o, àǹtí. Ẹ ní látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú wọn, wọn ò lè dá yí ara wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ilé ìtọ́jú tí ẹ rí ní Sùúrùlérè sì ní òṣìṣẹ́ 4 fún arúgbó 12. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó tó, àti ìwé ẹ̀rí tó yẹ kí wọ́n ní.

Kò tó. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ń ṣe wákàtí 40, ó lé ní èèyàn 4 kí ẹnì kan ṣoṣo tó lè máa wà nídìí iṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ẹnì kan lẹ máa bá níbẹ̀ lóru nìyẹn, bí kò bá tíì sùn lọ.

Òru yẹn sì ni egbò ìdùbúlẹ̀, egbò tó ń yọ lára ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sójú kan pẹ́, ń rí àyè. Wákàtí méjì-méjì ló yẹ kí wọ́n máa yí màmá padà, èèyàn méjì ni yóò sì fi aṣọ gbé wọn sókè. Ẹnì kan ṣoṣo á kàn wọ́ wọn ni, wíwọ́ yẹn ló ń bó awọ. Kí wọ́n fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn màmá kí màmá lè dà díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n fi òmíràn sábẹ́ ẹsẹ̀ kí gìgísẹ̀ má kan fóòmù. Ẹ̀yin náà, ẹ máa fọwọ́ kan ìdí, ìbàdí àti gìgísẹ̀. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ẹ má dúró de pupa o: ibi tó gbóná, tó le, tàbí tó dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ ni kí ẹ wá. Kí ẹnikẹ́ni má fi róòbù ra á. Ẹran abẹ́ rẹ̀ ló ń bà jẹ́.

Wọ́n á máa fi fóòmù afẹ́fẹ́ yangàn. Iná ló ń lò! Bí NEPA bá mú iná lọ, tí wọ́n sì pa jẹnẹrétọ̀ ní aago 11, á rọ̀ pẹ̀ẹ́ lábẹ́ màmá.

Ẹ má gbára lé àwọn tó ń wá ṣàyẹ̀wò ilé ìtọ́jú. Wọ́n lè wá lọ́sàn-án, kí wọ́n ti pè ṣáájú, kó sì jẹ́ fáìlì àti agolo ìpaná ni wọ́n máa wò. Wọ́n lè má ká aṣọ lẹ́sẹ̀ arúgbó kankan.

Ìwé ẹ̀rí: kí nọ́ọ̀sì ní láísẹ́ǹsì tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ọ̀sílárì, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ni àwọn tó kù, ẹ ní kí wọ́n fún màmá ní ẹ̀kọ lójú yín: kí màmá jókòó ṣánṣán, ṣíbí kékeré, kí màmá gbé e mì kí òmíràn tó wọlé, kí òṣìṣẹ́ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kú bóyá oúnjẹ há síbẹ̀. Ẹni tó bá fa apá tó rọ láti gbé wọn dìde kò mọṣẹ́.

Ẹ gba ìwé tí wọ́n ń kọ aago ìyípadà sí. Bó bá jẹ́ 10, 12, 2, 4 géérégé, bírò kan náà, ìkọ̀wé kan náà, àárọ̀ ni wọ́n jókòó kọ ọ́.