Ìbéèrè òǹkàwé: Ẹsẹ̀ mi ń rì, èémí mi sì ń há

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Obìnrin ẹni ọdún 46 ni mí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), mo sì máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ ra ẹja ní Aguégués, àwọn abúlé tó wà lójú omi. Láti ọjọ́ tí ìjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ da ọkọ̀ wa nù lójú ọ̀sà ni mo ti pinnu láti kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Mo ti gba ẹ̀kọ́ mẹ́rin ní pìsínì, ìyẹn adágún àtọwọ́dá tí a ti ń lúwẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ń rì, èémí mi sì máa ń há. Lọ́jọ́ kẹrin, olùkọ́ tì mí sí ibi tó jìn, ó ní bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù ṣe ń lọ. Mo mu omi, mo sì sunkún lójú àwọn ọmọdé. Ṣé ọjọ́ orí mi ti kọjá rẹ̀ ni?
Ìyá Ẹlẹ́ja, Àjàṣẹ́

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ewu. Ọjọ́ orí yín kò kọjá ẹ̀kọ́ yìí rárá, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ti àgbàlagbà tí kò tíì lè léfòó sínú omi tó jìn. Ẹ wá olùkọ́ mìíràn, èyí tí yóò bá yín wọnú omi, tí yóò sì jẹ́ kí ẹ dúró níbi tí omi kò ti kọjá àyà títí ẹ̀yin fúnra yín yóò fi ní ó tó.

Èémí ni ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó dàgbà kí ó tó kọ́ lílúwẹ̀ẹ́ a máa sé èémí pinpin bí omi bá ti kan ojú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ara ti lò tán a wá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, òun gan-an ni ó sì ń mú kí àyà máa le koko, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tó dára ṣì kù nínú yín. Nígbà tí ẹ bá gbórí sókè, ẹ ó fẹ́ mí síta, ẹ ó sì tún fẹ́ mí sínú, láàárín àkókò tí kò gba méjèèjì. Abẹ́ omi ni a ti ń mí síta. Ẹ bu omi sínú ọpọ́n nílé, ẹ ki ojú bọ̀ ọ́, kí ẹ sì máa kùn gẹ́gẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún, títí omi yóò fi máa hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín.

Ní ti ẹsẹ̀, orí ló fà á. Afẹ́fẹ́ inú àyà ń gbé òkè ara léfòó; bí ẹ bá na ọrùn láti wo iwájú, ìbàdí yóò lọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ yóò sì tẹ̀lé e. Ẹ wo ìsàlẹ̀ omi. Ẹ sì kọ́ bí a ṣe ń dìde dúró: ẹ fa orúnkún méjèèjì mọ́ ikùn, ẹ fi ọwọ́ tẹ omi sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ yóò bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo gbà pé ẹ̀rù ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò ju pé wọn kò mọ bí àwọn yóò ṣe dìde lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀sà kì í ṣe pìsínì: a kì í rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ewéko sì máa ń bò ó nígbà tí omi bá kún. Ẹ ní kí olùkọ́ kọ́ yín láti fẹ̀yìn léfòó kí ó tó kọ́ yín ní ọ̀nà ìlúwẹ̀ẹ́ kankan, kí ẹ sì máa wọ ẹ̀wù ìléfòó nínú ọkọ̀, pàápàá lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.