Mọ́ínmọ́ín tó ń yọ omi lójú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí mo bá se mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà á rì sísàlẹ̀, ata àti omi á dúró lókè. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, á le gbagidi. Kí ni kí n ṣe? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Omi ló pọ̀ jù, tàbí kí ẹ̀wà má kúnná. Ẹ rẹ ife ẹ̀wà 2 tí ẹ ti bó sómi fún wákàtí 1, kí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná pẹ̀lú tàtàṣé 2, ata rodo 2 àti àlùbọ́sà 1. Àpapọ̀ omi tí ẹ máa lò, títí kan èyí tí ẹ fi lọ̀ ọ́, kó má ju ife 2 lọ. Kó máa ṣàn bí ẹ̀kọ mímu.

Èyí tó ń le, ẹ ò rò ó tó ni. Ẹ fi ṣíbí igi lù ú fún ìṣẹ́jú 5 kí atẹ́gùn wọ̀ ọ́. Òróró ṣíbí ìjẹun 4 ti tó. Edé gígún àti ẹja tútù kan ni kó gbé adùn rẹ̀. Omi tí ẹ fi bọ ẹja, ẹ má dà á nù, òun náà wà lára ife 2 yẹn.

Ẹ máa rò ó kí ẹ tó bu ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ewé (ọ̀rá náílọ̀n? A ò fọwọ́ sí i). Kí omi ìkòkò ti máa hó kí ẹ tó tò ó sí i. Ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí 1. Bí omi bá fẹ́ gbẹ, omi gbígbóná ni kí ẹ fi kún un, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò.