Ṣé ẹ̀bi aláìsàn ni ẹ̀jẹ̀ ríru?

Ẹ béèrè bóyá ó tọ́ kí wọ́n máa sọ fún àwọn ìyá ọlọ́jà ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà, Iléṣà, pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi fa ẹ̀jẹ̀ ríru.

Kò tọ́. Lóòótọ́, iyọ̀ àjẹjù ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ó sì yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí àti ìdílé wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó yan ìyẹn. Ẹni tó ti dé ìsọ̀ kílẹ̀ tó mọ́, oúnjẹ títà ló máa jẹ, òun kọ́ ló bu iyọ̀ sí i. Ibi tágbára èèyàn bá dé ló yẹ kí ojúṣe rẹ̀ mọ. Ìdí nìyí tí Àdéhùn Ottawa ti 1986, ìwé àdéhùn àgbáyé lórí ìgbélárugẹ ìlera, fi ka òfin ìjọba àti àyíká mọ́ ohun tó ń mú kí ara èèyàn le.

Ohun tó dùn mí jù ni ìtìjú. Ìyá tí wọ́n bá dá lẹ́bi níwájú èrò lè má padà wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò mọ́. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé: “Mà, ta ló ń se oúnjẹ yín?”