Ọmọ mi ti yan ọ̀rẹ́ láti ojú ọ̀run, Màmá ní ẹlẹ́gbẹ́ ni

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Manchester ni mo ń gbé pẹ̀lú ọkọ mi àti ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo, ọmọ ọdún 8. A kó kúrò ní àdúgbò tí a wà tẹ́lẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó sì pààrọ̀ ilé ìwé. Títí di ìsinsìnyí, kò tíì rí ẹni bá ṣeré níbẹ̀. Láìpẹ́ yìí, òun àti bàbá rẹ̀ wo apá kan nínú Doctor Who, eré orí tẹlifíṣọ̀n BBC, èyí tí wọ́n pè ní “Fear Her”, níbi tí ẹ̀dá kékeré kan láti ojú ọ̀run ti wọ inú ọmọbìnrin kan tó ń dá wà. Láti ìgbà náà lòun náà ti ní ọ̀rẹ́ tí a ò fojú rí. Ó ń yà á sínú ìwé, ó ń bu oúnjẹ sílẹ̀ dè é, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ kó tó sùn.

Ọkọ mi ní ká má jẹ́ kó wo irú eré bẹ́ẹ̀ mọ́. Ibi tọ́rọ̀ wá dojú rú ni pé ọmọ náà sọ nípa ọ̀rẹ́ yìí fún màmá mi ní Ìbàdàn lórí fóònù. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ní ẹlẹ́gbẹ́ lọmọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń pè é, kí n mú un wálé ní oṣù kẹjọ kí wọ́n fi sàárà bẹ̀ wọ́n. Ìyẹn ò bá mi lára mu. Síbẹ̀ mo ń rò ó pé bóyá tó bá dé àárín àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní agbo ilé wa nítòsí Mápó, tó rí èrò, kò ní dá wà mọ́. Ṣé kí n mú un lọ? Kí ni kí n sọ fún Màmá?

Ìyá Ọlọ́mọkan

Ìdáhùn

Àbúrò mi, ẹ kú ìfaradà. Mo ń pè yín ní àbúrò nítorí àwọn ìbejì tèmi ti ń palẹ̀mọ́ yunifásítì. Calgary ni mo wà, Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, n óò sì sọ tèmi láìfepo-boyọ̀.

Ẹ má tíì dá eré náà lẹ́bi. Èmi náà ti wò ó. (Lọ́dún 2006 ni BBC kọ́kọ́ gbé e jáde, ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ Doctor Who ni kò sì ka apá yẹn kún rárá. Èmi ò sí lára wọn.) Ẹ̀dá tí wọ́n ń pè ní Isolus yẹn kì í ṣe iwin burúkú, ọmọ kékeré ni. Òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, bílíọ̀nù 4, ni wọ́n jọ ń rìnrìn àjò nínú òfuurufú. Eré ni wọ́n ń bá ara wọn ṣe lójú ọ̀nà, ìfẹ́ ara wọn ló sì ń gbé wọn ró. Ó wá já sọnù, ó balẹ̀ sí àdúgbò kan ní London, ó rí Chloe Webber tí òun náà ń dá wà, ló bá fi inú rẹ̀ ṣe ilé. Bí Chloe ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn ọmọ àdúgbò sínú ìwé nìyẹn. Ẹni tó bá yà, á pòórá lójú pópó, á di àwòrán. Nígbà tó yá, gbogbo èrò inú pápá ìṣeré Òlíḿpíìkì, 80,000 èèyàn, ló pòórá lẹ́ẹ̀kan náà, torí ọdún 2012 tí Òlíḿpíìkì wáyé ní London ni wọ́n fi ìtàn náà sí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àìrí ẹni bá ṣeré nìkan ló ń da Chloe láàmú. Bàbá rẹ̀ tó ti kú máa ń fìyà jẹ òun àti ìyá rẹ̀, ìyá náà kì í sì í fẹ́ mẹ́nu bà á. Àwòrán bàbá yẹn ló fara pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ọmọ náà, tó ń bú ramúramù. Nígbà tó fẹ́ jáde wá, Doctor tó jẹ́ akọni eré náà kọ́ ló lé e padà. Ìyá ọmọ ló bá ọmọ kọrin, wọ́n jọ kọ ọ́ títí nǹkan náà fi rọlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ọkọ yín tó ti tẹlifíṣọ̀n pa, kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó wo ibẹ̀ yẹn.

Ọ̀rẹ́ àìrí fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Marjorie Taylor ti Yunifásítì Oregon àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ ní 2004 pé nǹkan bí ọmọ 65 nínú 100 tí wọ́n ṣèwádìí lé lórí ló ti ní irú rẹ̀ rí kí wọ́n tó kọjá ọdún 7. Ẹ bi ọmọ yín bóyá ọ̀rẹ́ náà wà lóòótọ́, ó ṣeé ṣe kó fi yín rẹ́rìn-ín pé ẹ ò mọ̀ pé eré lòun ń ṣe. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá bi í: kí ló ń ba ọ̀rẹ́ rẹ lẹ́rù? Ta ló ń yọ ọ́ lẹ́nu nílé ìwé? Ohun tí ọmọdé ò lè sọ nípa ara rẹ̀, á sọ ọ́ nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìsí wàhálà. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rẹ́ náà ń pàṣẹ fún un kó ṣe ara rẹ̀ léṣe, tàbí tí kò jẹun tí kò sì sùn mọ́, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ gbà lọ, kí ẹ má dúró de oṣù kẹjọ.

Ó wá ku Màmá. Ẹ má bínú sí wọn. Ohun tí wọ́n gbọ́ kì í ṣe tuntun létí wọn: ọmọ kan wà, ó ní ẹgbẹ́ lókè lọ́hùn-ún, wọ́n jọ ń ṣeré, wọ́n pín yà, ọkàn rẹ̀ sì ń fà sọ́dọ̀ wọn. Àṣé BBC náà mọ ẹlẹ́gbẹ́! Àmọ́ nínú ìtàn tí wọ́n fi tọ́ Màmá dàgbà, bí ẹlẹ́gbẹ́ bá tẹ̀ lé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, òkú ló ń fi sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ìran wọn sì sin ọmọ, àwa là ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ìyẹn ló ń sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ẹ sọ ibi tí ọ̀rẹ́ yìí ti wá fún wọn. Ẹ má rò pé kò ní yé wọn. Ìbàdàn ni tẹlifíṣọ̀n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, WNTV, ní 1959, ó ti pẹ́ tí àwọn ará Ìbàdàn ti ń rí ọmọ tó ń fi ohun tó wò ṣeré. Ẹ rọra pa ìtàn náà fún wọn títí dé ìparí, níbi tí Isolus ti padà sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀, tí Chloe sì wà láàyè lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ tẹnu mọ́: ọmọ ò bá wọn lọ.

Ní ti sàárà, kí ló burú níbẹ̀? Wọ́n á din àkàrà, wọ́n á ṣe èkuru, wọ́n á gé ìrèké, wọ́n á pe àwọn ọmọ agbo ilé jọ, wọ́n á jẹ, wọ́n á ṣeré, wọ́n á ṣàdúrà fún ọmọ. Ẹ yọ àdúrà kúrò, ọjọ́ ìbí tí ẹ ń sanwó gọbọi lé lórí ní Manchester náà ni. Bí ẹ̀sìn yín ò bá gba sàárà ẹgbẹ́, ẹ pè é ní ìdúpẹ́, àkàrà ò mọ̀yàtọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ bá wọn ṣàdéhùn: kò sí gbẹ́rẹ́, kò sí àgbo, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú un lọ sílé aláwo tàbí wòlíì kankan lẹ́yìn yín, wọn ò sì gbọdọ̀ pè é ní ẹlẹ́gbẹ́ lójú ara rẹ̀. Ẹ má fi fóònù jà á. Ẹ bẹ ẹ̀gbọ́n yín tó wà nílé kó lọ jókòó ti Màmá, kó fẹ̀sọ̀ bá wọn sọ ọ́. Tí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ibi tí n ò ti gbà pẹ̀lú yín ni ti èrò. Agbo ilé kún, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lè dá wà láàárín ogún èèyàn. Nígbà tí mo mú àwọn tèmi lọ, gbogbo ilé dúró ń wò wọ́n, òyìnbó síhìn-ín, òyìnbó sọ́hùn-ún, “ẹ sọ Gẹ̀ẹ́sì ká gbọ́”. Ìbejì ni wọ́n o, wọ́n ní ara wọn. Síbẹ̀ Táyé lẹ̀ mọ́ mi lára, kò jẹ́ kí n lọ sí balùwẹ̀. Tiyín ò ní ìkejì.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kí ẹ wá fún un. Ẹ wo inú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, kí ẹ mú ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó fẹ́ràn àwòrán, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ báyìí lórí WhatsApp. Kí ẹ fún wọn níṣẹ́ ṣe, torí bí wọ́n bá ní kí ọmọdé méjì kàn máa kí ara wọn, wọ́n á kí tán, wọ́n á dákẹ́. Mo ní iṣẹ́ kan lọ́kàn. Ní 1977, NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, fi ọkọ̀ méjì tí wọ́n ń pè ní Voyager ránṣẹ́ sí òfuurufú, wọ́n fi àwo orin aláwọ̀ wúrà kan sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gba ìkíni ní èdè 55 sínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá lè bá a pàdé lọ́nà. Luganda wà níbẹ̀, Sotho wà níbẹ̀, Welsh pàápàá wà níbẹ̀. Yorùbá ò sí! Àwa tí a ní ìkíni fún ẹni tó ń dirun àti ẹni tí òjò pa. Kí àwọn ọmọ méjèèjì ṣe tiwa. Báwo la ṣe ń kí ẹni tó ti ń rìn láti ẹgbẹ̀rún ọdún? Ṣé a máa kúnlẹ̀ fún ẹni tí a ò mọ̀ bóyá ó jù wá lọ? Kí tiyín máa ya àwòrán, kí ti Ìbàdàn máa sọ Yorùbá, kó gbà á sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́. Iṣẹ́ ọ̀hún ò lè parí láìsí ọ̀kan nínú wọn.

Oṣù kẹjọ dára fún ìrìn àjò náà, torí àwọn ọmọ ilé ìwé wà nílé nígbà yẹn. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má kó gbogbo ilé sínú ọkọ̀. Ẹ mú àwọn méjèèjì nìkan lọ sí ọgbà ẹranko tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn (UI), tàbí ọgbà Agodi. Èyí tó dùn mọ́ àwọn tèmi jù ni ilé ìṣọ́ Bower lórí Òkè Àárẹ, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1936. Lókè rẹ̀ lèèyàn ti ń rí páànù Ìbàdàn lọ súà.

Bí ó bá fẹ́ mú ọ̀rẹ́ àìrí náà dání, ẹ jẹ́ kó mú un. Ẹ kọ́kọ́ bá ọkọ yín sọ̀rọ̀ ṣá, kó má lọ jẹ́ pé ẹnu Màmá ló ti máa gbọ́ ti sàárà.

Ìyá Ìbejì, Calgary